Èwo Ni Kí Ọlọ́gbà Bomi Rin?

Nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń lọ sí òpin ní ilẹ̀ Lekki àti Ajah, òjò a máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààrá púpọ̀ àti omi díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó ti di ẹrù rẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí ó ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní ọgbà kò ní fi ọkàn sí i. Inú rẹ̀ a tilẹ̀ máa dùn pé ẹrẹ̀ yóò kúrò lójú ọ̀nà, àti pé aṣọ yóò tètè gbẹ lórí okùn. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbà a jí ní òwúrọ̀, a fi ìka gún ilẹ̀, a sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé tán. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí tí ó máa ń dìde nínú ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àkókò yìí: nígbà tí omi kò bá ní í tó gbogbo ohun tí a gbìn, èwo nínú wọn ni ó tọ́ kí a bomi rin, èwo ni ó sì tọ́ kí a jọ̀wọ́ rẹ̀?

Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwa rò pé ẹni tí ó bá lè dáhùn rẹ̀ dáradára nínú ọgbà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti í pín ohun tí kò tó, iṣẹ́ tí ó ṣòro ju pípín ọ̀pọ̀ lọ. Kì í ṣe àgbẹ̀ ni àwa ń bá wí. Àgbẹ̀ ti mọ ìdáhùn tirẹ̀: ohun tí yóò bọ́ ilé rẹ̀ ni yóò tọ́jú, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí àwa ń bá wí ni ẹni tí ó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ìbáà ṣe olùkọ́, akọ̀wé, aránṣọ tàbí awakọ̀, tí ó sì ń gbin nǹkan nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ọgbà rẹ̀ wà, tàbí inú garawa tí ó ti lu, tàbí inú táyà àtijọ́ tí a to sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni ó ti ń tẹ̀ba wo ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó tó sáré lọ wá ọkọ̀ ní òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè èrè tí ó ń rí níbẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì fi ewé efinrin kan lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Lekki jẹ́, láàrin òkun àti ọ̀sà. Yanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ibi tí ó jẹ́ irà tẹ́lẹ̀, yanrìn náà ni a fà láti inú omi wá láti fi dí i kí a tó kọ́ ilé sórí rẹ̀. Bí a bá da omi sí irú ilẹ̀ yìí, kì í dúró; ó dàbí ẹni ń da omi sínú ajere. Òjò kò wọ́n ní Èkó. Ohun tí ń rọ̀ lọ́dún tó mìlímítà 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa pọ̀ jù lọ ní oṣù kẹfà, a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀kán kan tó bọ́. Nígbà náà ni òùngbẹ a máa gbẹ ewéko ní ilẹ̀ tí omi yí ká ní ọ̀tún àti ní òsì.

Omi tí ó yí ilẹ̀ náà ká kò wúlò fún ọgbà. Ní ìgbà òjò, omi àwọn odò ńlá a máa kún inú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà tí odò bá fà, omi òkun a wọlé, ọ̀sà a sì di oníyọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí rẹ̀, kí ó wo ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó léfòó lójú omi, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth. Àjèjì ni, ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i nínú omi ìhà Badagry, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń yọ àwọn apẹja lẹ́nu. Ní ìgbà òjò a máa bo ojú ọ̀sà. Bí iyọ̀ bá dé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, a sì ń kú. Kànga pẹ̀lú ní wàhálà tirẹ̀. Ní ibì kan omi rẹ̀ a máa dùn ún mu, ní ibi tí kò jìnnà sí i a ní iyọ̀, ní ibòmíràn a pọ́n bí ẹni pé irin dípẹtà sínú rẹ̀.

Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kò le púpọ̀ níhìn-ín. Atẹ́gùn gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sahara wá, tí ń la ètè ènìyàn ní Ìlọrin àti Ọ̀yọ́, atẹ́gùn òkun ni í máa ń dá a dúró kí ó tó dé etíkun. Ọjọ́ díẹ̀ ni a máa ń rí kùrukùru rẹ̀ ní Ajah, a sì lọ. Oòrùn àti yanrìn ni ọlọ́gbà ibẹ̀ ń bẹ̀rù.

Àwọn tí ń gbé ní ilẹ̀ òtútù ní àkókò ìbẹ̀rù tiwọn náà, oṣù kan náà ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní London, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí ọgbà wọn nígbà tí ooru bá mú níbẹ̀, mọ̀ pé òru kan ṣoṣo tí ìrì bá dì ti tó láti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbà ibẹ̀ kì í káwọ́ lẹ́rán. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń ri òdòdó tulip mọ́lẹ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà. Bí òtútù kò bá sì bá a nínú ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kì í tanná dáradára. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Prague, ṣe ìwé kan jáde ní ọdún 1929 nípa ọdún ọlọ́gbà, oṣù kan tẹ̀lé èkejì, ó sì ka oṣù kọkànlá sí oṣù ìpalẹ̀mọ́. Lójú rẹ̀, igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ ti ní ẹ̀hù ọdún tí ń bọ̀ lára.

Àwa náà lè rí irú rẹ̀ láàrin ara wa. Ẹ wo mángòrò: ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí òru sì tutù díẹ̀, ni ó ń tanná, bí òjò bá sì rọ̀ sí i ní àkókò náà, òdòdó rẹ̀ a máa bàjẹ́. Kajú pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bougainvillea tí ó wà lára ọgbà ilé púpọ̀ ní Lekki kì í yọ òdòdó tó bẹ́ẹ̀ bí a bá ń fi omi kẹ́ ẹ. Ewé ni yóò máa yọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni í fi ẹwà rẹ̀ hàn. Igi furúùtù tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ lókùúta nítorí èso rẹ̀ a máa pa ewé rẹ̀ láró, yóò pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún, yóò wọ́ sílẹ̀ pátápátá, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi tún rúwé. Ní Lekki Conservation Centre, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 lórí ilẹ̀ tí ó tó hẹ́kítà 78, igbó irà àti pápá koríko ṣì wà bí wọ́n ti wà kí ilé tó bo agbègbè náà, kò sì sí ẹni tí ń gbé garawa omi kiri inú igbó náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá rọ ni ó ń kú, kì í sì ṣe gbogbo ohun tí ó bá ń kú ni ẹnìkan ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa sáré káàkiri ọgbà rẹ̀ bí adìẹ tí ìjì dé bá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí ìbéèrè wa. Omi kò ní ọ̀tá, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n omi lè dá ọ̀tá sílẹ̀ láàrin aládùúgbò méjì. Ní Ajah àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri, tàbí kí wọ́n dá owó jọ láti pe ọkọ̀ tánkà. Ní òpópónà kan náà ni a ti lè rí ilé tí ó ní kànga ẹ̀rọ, tí omi ń tú sórí pápá koríko rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán gangan, títí tí yóò fi ṣàn jáde lábẹ́ géètì. Onílé náà yóò wí pé owó òun ni òun fi gbẹ́ kànga. Òtítọ́ ni pé owó rẹ̀ ni ó fi gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà ọgbà ẹnìkankan. Nítòsí òkun, omi dídùn abẹ́ ilẹ̀ dúró lórí omi iyọ̀. Bí a bá fa ti òkè jù, ti ìsàlẹ̀ a gòkè wá, ó sì lè jẹ́ kànga aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ di oníyọ̀. Nítorí náà ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ní omi. Àwa kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò bá wa jiyàn lórí èyí lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń bá wa jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ omi wọn. Kí a má sì fi bò, àwa kò fẹ́ràn pápá koríko tí a kì í jẹ́ kí ọmọdé tẹ̀.

Lẹ́yìn ènìyàn ńkọ́? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa yóò dáhùn kíákíá pé ohun tí a ń jẹ ni kí a bomi rin, kí a jẹ́ kí òdòdó máa lọ. Ìdáhùn náà dára létí, ṣùgbọ́n kò bá bí nǹkan ti rí nínú ọgbà mu. Ẹ jẹ́ kí a mú ewédú. A gbìn ín nígbà òjò, a já a, a jẹ ẹ́, ó sì ti so èso. Pàpá rẹ̀ ti ń gbẹ lórí igi. Ìgbà rẹ̀ ti pé. Ẹni tí ó bá ń da omi sí i ní oṣù kejìlá kò gbà á là, ó kàn ń dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Tẹ̀tẹ̀ tí ó ti yọ irúgbìn dúdú wínníwínní náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ewébẹ̀ yìí ni ilé ń jẹ ní tòótọ́, tí kò sí owó tí a ó fi ra òmíràn ní ọjà Ajah, kí a bomi rin ín láìronú méjì, nítorí oúnjẹ ènìyàn ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fún ìgbádùn ni, kí a gba irúgbìn rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹ tún wo ọmọ igi mángòrò tàbí ọmọ àgbọn tí a gbìn ní oṣù karùn-ún. Gbòǹgbò rẹ̀ kò tí ì dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn kìíní yìí ni yóò sọ bóyá yóò yè. Garawa omi kan lọ́sẹ̀ lè fún un ní ọgbọ̀n ọdún. Ewúro àti pèrègún tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ti mọ ọ̀nà omi. Ṣùgbọ́n òdòdó tí ó wà nínú ìkòkò ńkọ́, èyí tí àwọn àgbà ní kí a jọ̀wọ́ rẹ̀? Àwa rò pé òun gan-an ni ó ní ẹ̀tọ́ lórí wa jù. Bí ó bá wà nínú ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ì bá lè wá omi kiri fúnra rẹ̀. Àwa ni a hú u, tí a sé e mọ́ inú amọ̀ tí ó fẹ̀ tó ìṣasùn, nítorí pé ojú wa fẹ́ rí i níwájú yàrá. Ohun tí a ti gba agbára ìtọ́jú ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìdùnnú tiwa, gbèsè rẹ̀ wà ní ọrùn wa. A kò lè sọ fún un ní oṣù kejìlá pé kò wúlò, nígbà tí àwa kò bi í léèrè ìwúlò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ẹni tí kò bá lè ru gbèsè yìí, kí ó tètè fi ìkòkò náà fún ẹni tí ó lè ru ú, tàbí kí ó dá òdòdó padà sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò ìkẹyìn ṣì ń rọ̀.

Bí a bá sì ń ka òdòdó sí àṣà òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn baba wa kò gbin oúnjẹ nìkan. Wọ́n fi pèrègún pa ààlà. Wọ́n jẹ́ kí òdúndún wà ní àgbàlá nítorí pé ó tutù lójú àti lọ́wọ́. Akòko sì ń bẹ níbi tí a ti ń fi ènìyàn joyè. Igi tí ó wà níwájú ilé baálẹ̀ kò sí níbẹ̀ nítorí èso. Lónìí pàápàá, ní ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, Desmond Majekodunmi, tí a mọ̀ fún ìgbèjà igi àti ẹranko, ni ó dá ọgbà igbó LUFASI sílẹ̀ láàrin ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wá láti kọ́ ilé sí.

Ọ̀nà kan wà tí ọlọ́gbà fi lè dín ohun tí yóò pàdánù kù, kò sì gba omi rárá: kí ó fi ohun tí ó ní fún ẹlòmíràn. Òwú ewúro méjì fún ìyá tí ń ta àkàrà, irúgbìn iṣápá fún ọmọ kíláàsì, ẹ̀ka pèrègún fún ará ilé kejì. Bí tiwa bá kú, tiwọn wà. Ìtàn kòkó ní ilẹ̀ wa fi èyí hàn kedere. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Kápútẹ́ẹ̀nì J. P. L. Davies, ọkọ Sarah Forbes Bonetta, bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ní Ijon, lápá Agége, lẹ́yìn tí òwò rẹ̀ ti wó. Àwọn olóko mìíràn bí J. K. Coker tẹ̀lé ipa náà. Ní ọdún 1887 ìjọba Gómìnà Moloney dá ọgbà igi sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, níbi tí a ti ń pín ọmọ igi fún àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní àwọn oko Agége wà lára àwọn tí ó tan kòkó kálẹ̀ jù: nígbà tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn, wọ́n mú irúgbìn àti ìmọ̀ dání. Lónìí, ilé ni ó bo Agége. Bí ẹ bá fẹ́ rí kòkó, ẹ lọ sí Oǹdó àti Ọ̀ṣun.

Ẹnìkan lè wí fún wa pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dára fún onílẹ̀, ṣùgbọ́n ayálégbé ni òun, kí ni òun fẹ́ máa gbìn sí ilẹ̀ onílẹ̀ fún? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àfiṣeré ní Lekki. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko, ìlú tí ó wà ní ẹnu ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Àwọn tí a lé kúrò tó bí 300,000. Díẹ̀ nínú wọn ni a rí ilé fún ní Ìlasán àti Ìkọtà. Ilé lọ, ohun tí a gbìn sí àyíká ilé sì bá a lọ. Àwa kò ní ìdáhùn tí ó lè mú irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ kúrò, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a lè sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀ẹ̀rùn ti kọ́ ọlọ́gbà tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ kò dúró de ẹnìkan, nítorí náà ni ó ṣe ń pa irúgbìn mọ́. Ayálégbé tí ó bá ń kó lọ kò lè gbé ebè lọ. Ṣùgbọ́n ìgò irúgbìn mẹ́ta kò gba àyè nínú ẹrù.

Iṣẹ́ ọlọ́gbà ní ìparí oṣù kẹwàá àti ní oṣù kọkànlá kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi falẹ̀. Kí ó fi koríko gbígbẹ àti ewé tí ó wọ́ bo ìdí igi nípọn, kí oòrùn má baà rí ilẹ̀ ní ìhòòhò. Kí ó po ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti rà mọ́ yanrìn, nítorí èyí ni yóò mú omi dúró. Kí ó máa bomi rin ní ìrọ̀lẹ́, ní ìdí igi, kì í ṣe lórí ewé. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti èyí tí a fi fọ ẹ̀fọ́ dára fún un. Èyí tí ọṣẹ pọ̀ nínú rẹ̀ kò dára. Kí ó sì ká pàpá ewédú kí ó tó là fúnra rẹ̀, kí ó sá a, kí ó gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú eérú díẹ̀.

Nípa irúgbìn ewédú yìí, ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ lè fi han kíláàsì nígbà tí òjò bá padà. Awọ rẹ̀ le. Bí a bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù. Àwọn ìyá wa a máa dì í sínú aṣọ, wọn a rì í sínú omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín. Kí a pín irúgbìn ìgò kan sí méjì, kí a fi omi gbígbóná kan ìdajì, kí a fi ìdajì kejì sílẹ̀, kí a gbìn wọ́n sí ebè méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ka iye tí ó hù ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá di ìparí ẹ̀kọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ewédú márùn-ún lọ sílé, kí ó sì gbìn wọ́n sí ibi tí ìyá rẹ̀ bá fi hàn án.